Hẹlikópítà Tí Bàbá Àgbà Ní Láti Kọ́kọ́ Tọ́ Wò

Tí òórùn tùràrí àti òórùn ike tó gbóná jù bá kàn mí nímú pa pọ̀, inú á kọ́kọ́ bí mi ná kí n tó rántí ohun tó fà á. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni, ní Bantè, nínú fakáǹsì, ìsinmi gígùn ilé ìwé, ọdún tí mo gba sẹ́èpè. Oòrùn kò tíì yọ tán. Ìrì ṣì wà lórí ewé máńgòrò tó wà láàárín agbo ilé wa. Bàbá Àgbà dúró lábẹ́ igi náà láìwọ bàtà, nínú aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ tí òórùn tùràrí ti wọ̀ mọ́, ó di kọmáǹdì mú lọ́wọ́ méjèèjì. Níwájú rẹ̀, hẹlikópítà ìṣeré mi ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń na iyanrìn tàtàtà, èéfín díẹ̀ sì ti ń yọ nídìí rẹ̀. Gbogbo ilé pé síbẹ̀, wọ́n ń wò ó. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó sọ fún un pé kó fi ọwọ́ sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ni ìyá mi wí.

Àwọn yòókù náà kí i kú iṣẹ́. Èmi nìkan ni mi ò kí i. Mo ń wo abẹ̀bẹ̀ tó ń fọ́ wẹ́wẹ́, mo sì ń ka iye tó kù lọ́kàn mi.

Hẹlikópítà mi ni. Mo tún un wí, torí ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ síta. Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Kútọnu, Tọ́ńtọ̀n Bódé, ló ṣèlérí pé tí mo bá gba sẹ́èpè, ìwé ẹ̀rí tí à ń gbà kí a tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun á ra ohunkóhun tí mo bá béèrè. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń béèrè kẹ̀kẹ́ tàbí bàtà. Èmi béèrè hẹlikópítà tí mo ti rí lẹ́yìn gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan ní Savalou, nítòsí ibi tí ìyá mi ti máa ń ra òwú. Mo gba ìwé ẹ̀rí náà, Tọ́ńtọ̀n kò sì yẹ àdéhùn. Awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Kútọnu ló já páálí náà sí ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n fi kálámù bíìkì kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé: "Onorín, kú oríire."

Àwọ̀ ewé ni hẹlikópítà náà, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mi dé ìka. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Kọmáǹdì rẹ̀, àpótí pẹlẹbẹ tí a fi ń darí rẹ̀ láti òkèèrè, ní ọ̀pá kékeré méjì. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì ń gbé e sókè, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ń yí i síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún àti sósì. Nínú ọ̀rá kékeré kan, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ àpààrọ̀ mẹ́ta sí i, kí a lè rí èyí tí a ó fi dípò tí tàkọ́kọ́ bá kán. Mo ka ìwé ìlò rẹ̀ tó jẹ́ faransé tí kò gún régé títí mo fi há gbogbo rẹ̀ sórí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì lò lọ́wọ́ mi.

Ní ilé wa, ohun tuntun kì í kan ẹnu ọmọdé kí ó tó kan ti àgbà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè yẹn mọ̀ ọ́n. Tí iṣu tuntun bá jáde, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án títí olórí ilé á fi tọ́ ọ wò. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi pátápátá, ni olórí ilé tiwa, nítorí bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà Paraku, ó lè lo oṣù kan kó tó yọjú. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kò fi òfin náà mọ sórí iṣu. Àgbàdo tuntun, òun ni. Bẹ́ẹ̀dì tuntun, òun ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ lé e. Nígbà tí ìyá mi, tó jẹ́ aránṣọ, ra ẹ̀rọ rẹ̀ kejì, Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ jókòó tì í, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́ta, ó dìde, ó ní ó dára. Kò burú. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í fò.

Nígbà tó dé láti oko tó bá páálí náà lórí ẹsẹ̀ mi, ó na ọwọ́, mo sì gbé e fún un.

"Ohun tó bá wọlé yìí, màá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò," ló wí. "Tí ibi bá wà nínú rẹ̀, èmi ni kó bá, kì í ṣe ìwọ."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo rò pé á gbé e sókè díẹ̀, á gbé e sílẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu bí títọ́ wò náà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Hẹlikópítà náà gbọ́dọ̀ gbéra, kó dúró lójú afẹ́fẹ́, kó sì sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà. Bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, kò tíì tọ́ ọ wò nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló sì ráyè, kí ó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí pé láàárín ọ̀sẹ̀ ó máa ń wà lóko ní ọ̀nà Agoua, ọjọ́ Sátidé á gun mótò, alùpùpù rẹ̀, lọ wo iṣu rẹ̀ ní Atokoligbé.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ó ti ọ̀pá òsì dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe máa ń fún mótò rẹ̀ àtijọ́ níná nìyẹn, torí mótò náà kì í gbéra tí wọn ò bá yí ọwọ́ rẹ̀ tán. Hẹlikópítà náà ta sókè, ó gbá ẹ̀ka máńgòrò, ó já lulẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kán. Gbogbo ilé kí i pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní ẹ̀ka yẹn ló gùn jù, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, wọ́n gé e.

Ọjọ́ Àìkú kejì, hẹlikópítà náà gbéra, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ó ń bọ̀, ó ju kọmáǹdì sílẹ̀. Hẹlikópítà náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà rẹ̀, ó wọ ilé adìyẹ lọ. Abẹ̀bẹ̀ kejì kán, adìyẹ kan ò sì yé ẹyin títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Wọ́n ní atẹ́gùn ni. Mo wo ewé, mi ò rí atẹ́gùn kankan.

Ọjọ́ Àìkú kẹta ni èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Hẹlikópítà náà kò tíì kúrò nílẹ̀ tó fi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, Bàbá Àgbà kò sì fọwọ́ sílẹ̀, ó rò pé á dìde. Mo ní, "Bàbá, ẹ rọra." Ìyá mi já mi ní èékánná lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni wọ́n dá lẹ́bi. Bàbá Àgbà ní iná tí mo fún un kò tó, torí èmi ni mò ń gbé e lọ gba iná ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Tí kò bá tíì tọ́ ọ wò nígbà tí màá fi lọ sí Savalou láti bẹ̀rẹ̀ sízíèmù, kíláàsì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, hẹlikópítà á wà nínú yàrá rẹ̀ títí di Kérésìmesì. Tí èyí tó kù yẹn bá sì kán, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń ta abẹ̀bẹ̀ lásán ní gbogbo agbègbè wa. Mo sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná. Ohun tó dùn mí jù ni pé gbogbo wọn mọ̀. Ìyá mi mọ̀, àwọn ìyàwó ilé mọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin tó wà nínú ilé pàápàá mọ̀ pé ọwọ́ Bàbá Àgbà ló le jù. Ṣùgbọ́n ta ni á sọ ọ́? Tí wọ́n bá jẹ́ kó wàhálà pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fún un. Èmi ni mo ń san án ní abẹ̀bẹ̀.

Iṣu tuntun jáde láàárín kan náà. Bàbá Àgbà bu ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́, ó gbàdúrà, kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo wa ti ń jẹ iyán. Mo jẹ tèmi pẹ̀lú ìbínú. Iṣu kò ní ọ̀pá òsì.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ni ojútùú ti wá. Ó gba ọmọ iṣẹ́ tuntun lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọbìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sáré jù. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kan aṣọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Á yọ bẹ́líìtì ẹ̀rọ, á ní kó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lásán. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, á dá bẹ́líìtì padà, á yọ òwú, á fún un ní bébà àpò sìmẹ́ńtì kó máa rán lórí ìlà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń kan àkísà. "Aṣọ oníbàárà kọ́ lẹ ó fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi," ló máa ń wí. "Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ mọ̀ ọ́n ná." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti ń rá kòrò, mi ò kà á sí. Lọ́jọ́ yẹn, mo dìde lórí àpótí tí mo jókòó lé. Mi ò lè sọ fún Bàbá Àgbà pé kó lọ rán bébà. Ṣùgbọ́n mo lè yọ bẹ́líìtì lára hẹlikópítà.

Sátidé, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Risi. Ọmọ Ṣakí ni, ó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò létí títì, ó ń tún rédíò ṣe, ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ la sì ń lò láti fún hẹlikópítà níná. Yorùbá rẹ̀ yàtọ̀ sí Ìcà, ẹ̀ka èdè tiwa, tí inú bá sì ń bí i ó máa ń yára sọ̀rọ̀ débi pé ìdajì ni mo ń gbọ́. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún un, pẹ̀lú omijé díẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí ò ní nǹkan kan," ló wí nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán. "Ẹni tó mú un dání ni kí a tún ṣe."

"Ẹni yẹn kọ́ ni ẹ lè tú wò, Bàbá Risi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fún mi láyè lórí tábìlì rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe fún un, kí ó má baà máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo la ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, mo fi dábùú ara wọn, mo so wọ́n mọ́ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òwú ìyá mi. Ó wúwo jù, bí mo ṣe gbé e lọ́wọ́ ni mo ti mọ̀ pé kò ní lè gbéra. Mo jù ú nù, mo mú ẹ̀yọ ìgbálẹ̀ tó gùn, mo so wọ́n ní méjì méjì. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n orí wọn ń gún ilẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pòpórò ọkà bàbà. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń bó o, tí a máa ń fi inú rẹ̀ funfun tó fúyẹ́ ṣe gíláàsì ojú àti mótò. Mo gé e ní róbótó mẹ́rin, mo fi gún orí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹsẹ̀ náà wá gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí hẹlikópítà kò lè fẹ̀gbẹ́ mọ́ bó ti wù kí wọ́n tì í.

Nítorí fífà sẹ́yìn rẹ̀, mo yọ́ ìda àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ imú rẹ̀, mò ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, tí mo bá fi òwú gbé e kọ́, mò ń wò bóyá ó dúró déédé. Ó gbà mí ní ọ̀sán kan gbáko. Mo so òwú pupa mọ́ ìrù rẹ̀ kí Bàbá Àgbà lè máa mọ ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ sí iwájú, torí tí hẹlikópítà bá kọjú sí ènìyàn, ọ̀tún rẹ̀ ni òsì ẹni.

Èyí tó ṣòro jù ni ọ̀pá òsì. Bàbá Risi fi tọ́nẹfíìsì kékeré tó fi ń tú ẹ̀yìn rédíò tú kọmáǹdì. Mo gé rọ́bà lára sílípáàsì tó ti já, mo fi sínú ihò tí ọ̀pá náà ń gbà kọjá, kó má lè dé òpin. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, rọ́bà náà nípọn, hẹlikópítà lè rìn nílẹ̀, kò lè fò. Mo pinnu pé ní gbogbo Sátidé, màá máa fá díẹ̀ kúrò. A dè é padà. Ní òde, ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ pé nǹkan wà nínú rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Bàbá Risi bi mí. "Ṣé o ti wà á rí?"

"Rárá. Bàbá Àgbà ò tíì tọ́ ọ wò."

"Kí ló wá dé tí ò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti wà á?"

Mo ní mo ti ka ìwé rẹ̀ tán. Ó wò mí, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà gbé hẹlikópítà náà sókè, ó yí i po.

"Kí lo so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀?"

"Kí ó má baà máa ṣubú ni, Bàbá."

"Ó ti di aláǹtakùn." Ó rí òwú pupa, ojú rẹ̀ le. "Pupa kì í wá síbi tí mo bá wọ aṣọ funfun." Ó já a. Mo sáré lọ mú àkísà búlúù wá, mo so ó dípò. Òfin ìjọ rẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo gbàgbé, ṣùgbọ́n inú bí mi náà.

Lọ́jọ́ yẹn, ó ti ọ̀pá dé òpin gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Hẹlikópítà náà pariwo, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ káàkiri agbo ilé. Bàbá Àgbà ń tẹ̀ lé e láìwọ bàtà, ó ń gbá aṣọ rẹ̀ jọ lọ́wọ́ kan, ó ń yí i kúrò lọ́dọ̀ ìkòkò, ó ń yí i kúrò lọ́dọ̀ ewúrẹ́, títí iná bátìrì fi tán. "Ara rẹ̀ ò yá," ló wí. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kán. Mo gbé hẹlikópítà náà mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fá rọ́bà. Nígbà tí Bàbá Àgbà wà á lọ́jọ́ kejì, ó ń fò díẹ̀, ó ń bà. Mo tún fá a. Ó ń gòkè dé ìka ẹsẹ̀, ó ń bà. Ó jẹ́ mi lógún débi pé mò ń lá àlá rọ́bà. Bàbá Àgbà ń ráhùn ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó ní àwọn tó ṣe é kò ṣe é dáadáa, ó ní iná Bàbá Risi kò dára, ó ní bóyá Tọ́ńtọ̀n Bódé ra èyí tí kò ní agbára. Mo ń dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Lákòókò kan náà, ọwọ́ rẹ̀ ń rọ̀. Ó ti ń tẹ ọ̀tún nígbà tó fẹ́ lọ sí ọ̀tún. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, mo rò bẹ́ẹ̀.

Nínú àwọn ọjọ́ Àìkú yẹn, ẹ̀ẹ̀kan wà tí ọ̀pá náà dúró lójijì lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ó tì í. Kò lọ. Ó tún un tì. Ó gbé kọmáǹdì sún mọ́ ojú, ó wo ibi tí ọ̀pá náà ti há. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Mo tẹ orí ba, mo ń wo ilẹ̀. Ó dá ọ̀pá padà sí ìsàlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn dé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń lọ sí Savalou, sílé àǹtí mi kan tó fẹ́ ọmọ Máhì. Aṣọ kakí mi ti wà nínú àpótí, ìyá mi ti rán an tóbi jù, kí n lè wọ̀ ọ́ fún ọdún méjì. Rọ́bà tó wà nínú kọmáǹdì kò nípọn ju èékánná lọ mọ́.

Bàbá Àgbà jáde pẹ̀lú òórùn tùràrí lára rẹ̀. Ó gbé hẹlikópítà sílẹ̀, ó pa dà sẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó rí àkísà búlúù níwájú rẹ̀. Ó ti ọ̀pá díẹ̀. Ó tún tì í díẹ̀. Hẹlikópítà náà gbéra, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gòkè dé àyà rẹ̀, ó dúró. Ó dúró. Ó rọra lọ sọ́dọ̀ máńgòrò, ó yí padà, ó bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pòpórò rẹ̀ láìró. Ariwo ta. Bàbá Àgbà ń rẹ́rìn-ín, mo rí eyín rẹ̀ tó kù. Inú mi dùn débi tí mo fi fò mọ́ ọn, mo rò pé ìyà mi ti parí.

Ó gbé kọmáǹdì lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. "Ó ti gba ẹnu mi kọjá. Tìrẹ ni. Wà á kí n rí ọ."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo mú sísọ́ọ̀sì ìyá mi, mo gé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, pòpórò yí sínú iyanrìn. Mo fi èékánná há ìda kúrò nímú rẹ̀. Mo yọ tọ́nẹfíìsì Bàbá Risi tí mo ti fi pamọ́ sápò, mo tú kọmáǹdì níwájú gbogbo ilé, mo yọ rọ́bà, mo jù ú sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyá mi pe orúkọ mi, mi ò gbójú sókè. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, ti àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ le ni. Èmi ti ka ìwé rẹ̀. Èmi ti mọ ohun gbogbo. Mo ti fi oṣù méjì gbáko wo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò wá sí mi lọ́kàn pé èmi náà kò tíì wà á rí.

Mo ti ọ̀pá òsì. Mo tì í dé òpin.

Ó kọjá orí máńgòrò, ó kọjá páànù, ó yí padà lójú afẹ́fẹ́, ó ń bọ̀ sórí mi, mo tẹ òsì nígbà tó yẹ kí n tẹ ọ̀tún, ó sì fi ìrù gbá etí kànga. Ó pín sí méjì. Bóyá gbogbo rẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Abẹ̀bẹ̀ tó kẹ́yìn fò wá dúró lẹ́sẹ̀ mi.

Kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́. Àwọn ọmọdé ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi bo ojú. Mo dúró pẹ̀lú kọmáǹdì tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, ojú sì ń tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí rọ́bà tí mo yọ wà níbẹ̀, gbogbo ilé ń wò ó, wọ́n sì ti mọ ìdí rẹ̀ tí Bàbá Àgbà fi mọ̀ ọ́n wà. Mo ti já a sí ìhòòhò lójú àwọn èèyàn rẹ̀, mi ò tiẹ̀ rò ó.

Bàbá Àgbà wo òkè, ó wo máńgòrò.

"Atẹ́gùn ni," ló wí.

Kò sí ewé tó mì. "Atẹ́gùn ni, Bàbá," ni gbogbo ilé dáhùn, ẹ̀rín sì dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ẹsẹ̀ ìgbálẹ̀ náà àti pòpórò rẹ̀ jọ, ó mú rọ́bà náà, ó fi gbogbo rẹ̀ sínú àpò aṣọ funfun rẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Òun ló fi mótò rẹ̀ gbé mi lọ sí Savalou lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n so àpótí mi mọ́ ẹ̀yìn mótò. A ti kọjá ìdajì ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀, láìyíjú padà. "Ọjọ́ tí ọ̀pá yẹn há mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo ti mọ̀. Mo ní kí n jẹ́ kó kọ́ mi." Ariwo mótò pọ̀, mo fi orí ti ẹ̀yìn rẹ̀ ni.

Bàbá Àgbà kò sí mọ́. Títí ó fi kú, àwọn ẹsẹ̀ hẹlikópítà yẹn wà lórí ìṣó kan náà tí ó ń fi fìlà rẹ̀ kọ́, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n jẹ́.

Mò ń bá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú kan ṣiṣẹ́ ní Savalou báyìí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ra dúróònù láti máa fi wo oko láti òkè, wọ́n sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Kútọnu láti kọ́ wa. Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwa tí wọ́n fẹ́ kọ́, ó ń pè mí ní Tátà, bí ẹni ń pe àǹtí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó na kọmáǹdì sí mi kí ó tó na án sí ẹnikẹ́ni, ó ní àgbà ni kó kọ́kọ́ gbà á. Mo ti ka ìwé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ti ọ̀pá òsì. Dúróònù náà gòkè dáadáa, nígbà tó kọjá òrùlé ọ́fíìsì díẹ̀, ó dúró. Mo tún un tì. Kò lọ.

Mo wo kọmáǹdì. Mo gbé ojú sókè, mo wo ọmọ náà. Ó ti tẹ orí ba, ó ń wo ilẹ̀.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Gbogbo ará ọ́fíìsì dúró, wọ́n ń wò mí, mo sì ti fẹ́ bi í bóyá ó rò pé mi ò mọ̀wé. Ohun tí mo bi í ni pé mítà mélòó ló fi dí i kó má gòkè kọjá. Ó kólòlò, ó ní mẹ́wàá, ó ní òun á yọ ọ́ bí n bá fẹ́, kí n má bínú. Mo dá ọ̀pá padà sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, dúróònù náà ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí atẹ́gùn ń fẹ́. Nínú gbogbo igi kajú tó yí wa ká, ewé kan kò mì.